Oògùn Oorun àti Wíwádìí Àìsàn Ọpọlọ

Bí a bá sọ fún ènìyàn pé dókítà kan gún aláìsàn tí kò sọ̀rọ̀, tí kò jẹun, tí ó gan gbagidi bí igi, ní abẹ́rẹ́ oorun, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí onítọ̀hún lọ́kàn ni pé àṣìṣe ni dókítà náà ṣe. Ta ni í fún ẹni tí ó ti dákẹ́ ní oògùn ìdákẹ́? Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1930, kò bá èrò yìí mu rárá. Dókítà William Bleckwenn, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin, fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní oògùn oorun kan tí wọ́n ń pè ní Amytal, ó gún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn tí wọn kò ti fọhùn fún ìgbà pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Wọ́n jẹun. A bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n fèsì tí ó mọ́gbọ́n dání. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, agbára oògùn náà tán lára wọn, wọ́n sì padà sí ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọ́n dákẹ́, wọ́n gan. Bleckwenn ya ìyípadà yìí sínú fíìmù, nítorí ẹni tí kò bá fojú ara rẹ̀ rí i yóò ṣòro fún láti gbà á gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èyí: kí ni oògùn oorun lè sọ fún dókítà nípa irú àìsàn tí ó ń ṣe ènìyàn, kí sì ni kò lè sọ? Ẹnìkan lè wí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Dókítà tí ń tọ́jú ọkàn lè gbé ẹ̀rọ lé àyà kí ó gbọ́ bí ọkàn ti ń lù. Èyí tí ń tọ́jú eegun lè ya àwòrán eegun. Ní ti dókítà ọpọlọ, ohun tí aláìsàn sọ, bí ó ti sọ ọ́, àti èyí tí ó kọ̀ tí kò sọ, ni púpọ̀ nínú ohun tí yóò fi mọ àìsàn. Bí aláìsàn bá ti pa ẹnu dé, ọjà tú nìyẹn.

Láti yàrá ìgbẹ̀bí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n

Amytal jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí oògùn tí à ń pè ní bábítúrétì. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Jámánì méjì, Emil Fischer àti Joseph von Mering, ni wọ́n mú èyí tí ó kọ́kọ́ wúlò fún oorun nínú ẹbí yìí jáde ní ọdún 1903; Veronal ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á. Amytal tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1920. Ṣùgbọ́n kí Amytal tó gbòde, oògùn mìíràn tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, tí à ń pè ní skopolámìnì, ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ tí kò tíì tán títí di òní.

Ní ọdún 1916, dókítà kan tí ń jẹ́ Robert House, tí ó ń gbẹ̀bí ní ìlú Ferris ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ gbẹ̀bí nínú ilé aláboyún kan. Ó ti fún obìnrin náà ní skopolámìnì kí ìrọbí má baà ni ín lára jù. Ọmọ dé láyọ̀, wọ́n fẹ́ wọ̀n ọ́n, baálé ilé wá òṣùwọ̀n títí, kò rí i. Àfi bí ìyá ọmọ, tí gbogbo wọn rò pé ó ti sùn lọ fọnfọn, ti dáhùn pé ilé ìdáná ni ó wà, lórí ìṣó, lẹ́yìn àwòrán kan. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti bá a. House mú ọ̀rọ̀ yìí rò, ó sì gbà pé ẹni tí oògùn bá ti kùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè purọ́ mọ́. Ní ọdún 1922, ó gbé oògùn rẹ̀ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Dallas, ó dán an wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n méjì. Lójú oògùn, àwọn méjèèjì ní àwọn kò jẹ̀bi. Nígbà tí ẹjọ́ wọn sì dé kóòtù, kóòtù dá wọn sílẹ̀. Ni àwọn oníwèé ìròyìn bá sọ ọ́ ní oògùn òtítọ́.

Ní tèmi o, n kò rí bí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ṣe lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ní kóòtù. Ìyá ọmọ yẹn kò ní ìdí kankan láti fi òṣùwọ̀n pamọ́. Kí ènìyàn sọ ohun tí kò ní í lọ́kàn láti bò mọ́lẹ̀, ó yàtọ̀ gédégédé sí kí ó sọ èyí tí ó ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ oògùn, ó sì bá a wọ ilé ìwòsàn.

Ohun tí àwọn dókítà ń wá

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Aláìsàn yóò dùbúlẹ̀. Dókítà yóò máa ti oògùn náà wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, kì í sábà ju mílígíráàmù 50 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ aláìsàn tí ó lè sọ̀rọ̀ ni, wọn a ní kí ó máa ka iye sẹ́yìn láti orí 100. Yóò bẹ̀rẹ̀ geere: 99, 98, 97. Nígbà tí ó bá yá, ahọ́n rẹ̀ yóò wúwo, yóò fo ọ̀kan, yóò pe òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Níbẹ̀ ni dókítà yóò ti dáwọ́ dúró, nítorí bí ó bá kọjá ibẹ̀, aláìsàn yóò sùn pátápátá, èémí rẹ̀ sì lè dúró. Kì í ṣe oorun ni wọ́n ń wá. Òògbé ni wọ́n ń wá, ibi tí ènìyàn kò ti sùn tí kò sì jí tán.

Nínú òògbé yìí ni àwọn tí ó jọ ara wọn ti ń yàtọ̀ síra. Kí a fi ojú inú wo aláìsàn mẹ́ta nínú yàrá kan, tí gbogbo wọn dákẹ́, tí gbogbo wọn gan. Lójú lásán, àìsàn kan náà ni. Bí oògùn bá ti wọ̀ wọ́n lára, ẹni àkọ́kọ́ lè sọ pé ohùn kan ni ó ń pàṣẹ fún òun pé bí òun bá fi lè mira, ayé yóò parẹ́. Èkejì lè bú sẹ́kún, kí ó ní ẹ̀ṣẹ̀ òun ti pọ̀ jù, òun kò yẹ lẹ́ni tí à ń fún ní oúnjẹ. Ẹ̀kẹta kò ní í sọ ohun tí ó ní láárí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò túbọ̀ dàrú ni, tàbí kí ó kàn sùn lọ. Dókítà yóò ronú pé ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ àrùn tí à ń pè ní skisofréníà, pé ti èkejì lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó ti wọra, àti pé ní ti ẹ̀kẹta ó lè jẹ́ ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó fara gbọgbẹ́ tàbí tí àrùn wọ̀. Ìtọ́jú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra. Bí a bá ń pàrọwà fún ẹ̀kẹta nígbà tí nǹkan ń wú nínú agbárí rẹ̀, ikú ni a ń fi ṣeré.

Kì í ṣe aláìsàn nìkan ni oògùn yìí ń tú nínú. Erich Lindemann fún àwọn tí ara wọn dá náà ní Amytal pẹ̀lú àwọn aláìsàn, ó sì kọ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1932. Àwọn tí ara wọn dá pàápàá túraká, ọ̀rọ̀ dùn mọ́ wọn lẹ́nu, ó sì nira fún wọn láti kọ ìdáhùn fún ẹni tí ó bá bi wọ́n léèrè nǹkan. Ẹni tí ó bá ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó nídìí ẹmu mọ irú ipò bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Horsley fún ọ̀nà ìwádìí yìí ní orúkọ ní ọdún 1936, ó pè é ní narcoanalysis.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó wá sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn ọmọ ogun mọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà láti Dunkirk ní ọdún 1940, William Sargant àti Eliot Slater rí àwọn kan láàárín wọn tí ohùn wọn ti lọ, àwọn kan tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, àti àwọn tí wọn kò rántí ohun tí ojú wọn rí. Wọ́n fún wọn ní Amytal. Ní Algiers ní Àríwá Áfíríkà, ní ọdún 1943, Roy Grinker àti John Spiegel fi Pentothal, tí òun náà jẹ́ bábítúrétì, ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1946, John Huston ṣe sinimá kan fún ìjọba Amẹ́ríkà, *Let There Be Light*, ní ilé ìwòsàn ọmọ ogun kan ní ìpínlẹ̀ New York. Nínú rẹ̀ ni a ti rí ọmọ ogun kan tí kò lè rìn, tí wọ́n gún un ní Amytal, tí ó sì dìde tí ó rìn. Àwọn ológun kò jẹ́ kí gbogbo ayé rí sinimá náà títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980.

Ẹ kíyè sí ohun tí abẹ́rẹ́ yẹn fi hàn. Bí iṣan tí ń gbé ẹsẹ̀ bá ti já, kò sí oògùn oorun tí yóò mú ẹsẹ̀ náà rìn. Bí ó bá rìn lójú òògbé, a jẹ́ pé ẹsẹ̀ kò ṣe, iṣan kò já; ìdènà náà wà ní ibòmíràn. Èyí jẹ́ ìmọ̀ tí ó dájú, a sì lè fojú rí i. Kò fi hàn pé ọmọ ogun náà ń díbọ́n. Ó dùn mí pé àwọn mìíràn ka ohun méjèèjì sí ọ̀kan náà, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ti de ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ̀rù ni ó dè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sì lè tú u fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ó kan ọ̀rọ̀ sísọ gan-an. Ní ọdún 1953, Edwin Weinstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ nípa bí wọ́n ti ń fi Amytal mọ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ fara pa. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi aláìsàn kò ju ti ọmọdé lọ: Níbo ni a wà yìí? Kí ni ọjọ́ òní? Kí ni ó ń ṣe ọ́ tí o fi wá síbí? Kí oògùn tó wọlé, ó lè dáhùn gbogbo rẹ̀ dáadáa. Bí oògùn bá ti wọlé, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò ní àbùkù yóò máa tòògbé, ahọ́n rẹ̀ yóò wúwo, síbẹ̀ yóò mọ̀ pé ilé ìwòsàn ni òun wà. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti fara pa yóò fún ilé ìwòsàn ní orúkọ mìíràn, yóò gbé e lọ sí ìlú mìíràn, yóò sì lè ní kò sí ohun tí ó ń ṣe òun rárá. Àbùkù tí ó ti fara pamọ́ yọ jáde. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ọ̀ràn yìí, ìdánwò yìí ni ó wù mí jù, nítorí kò béèrè àṣírí ẹnikẹ́ni. Bí aláìsàn ti ń lo èdè ni ó ń wò.

Ti Charles Shagass ní ìlú Montreal ní orílẹ̀-èdè Kánádà tún gba ọ̀nà ọ̀tọ̀. Òun kò bìkítà nípa ohun tí aláìsàn ń sọ. Ìwọ̀n oògùn ni ó ń kà. Ní ọdún 1954, ó gbé ìdánwò kan jáde tí a lè pè ní ìwọ̀n ìkunni. Wọn yóò so ẹ̀rọ tí ń ka iná mànàmáná inú ọpọlọ mọ́ orí aláìsàn, wọn yóò sì máa fún un ní Amytal ní ìwọ̀n kékeré kékeré. Nígbà tí ahọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, tí ìlà tí ẹ̀rọ ń kọ náà sì yí padà, wọn yóò ṣírò iye oògùn tí ó wọlé sí bí ara onítọ̀hún ti wúwo tó. Shagass rí i pé oògùn tí ń kun ẹni tí àníyàn ti gbé lọ́kàn sókè pọ̀. Kì í tètè tòògbé. Ti ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ ti di èyí tí kò mọ òótọ́ yàtọ̀ sí ìtànjẹ mọ́ kéré. Ní ọdún 1956, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé ìdánwò yìí lè ya irú ìrẹ̀wẹ̀sì méjì sọ́tọ̀, èyí tí àwọn dókítà ti ń jà lé lórí tipẹ́.

Inú àwọn ènìyàn dùn. Nọ́ńbà ni, kì í ṣe àbá. Hans Eysenck ní Lọ́ńdọ̀nù náà mú irú èrò yìí lò nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1957, ó ní ẹni tí ó máa ń gbé inú ara rẹ̀ yóò nílò oògùn ju ẹni tí ó máa ń túraká láwùjọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ackner àti Pampiglione gbé ìdánwò Shagass yẹ̀ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1959, wọn kò rí ìyàtọ̀ kedere tí Shagass rí. Ibi tí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀ lórí ìwé ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, etí méjì kò sì gbọ́ ìgbà tí ahọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo bákan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ìdánwò náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú kíláàsì fonẹ́tíìkì, tí ẹ sì ti jiyàn lórí ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́nu ẹnìkan náà, ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣe àjèjì sí yín.

Dókítà ọmọ Kánádà mìíràn, Raymond Prince, ni ó so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ilé wa. Ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1950, ó sì kọ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi ewéko Rauwolfia tọ́jú wèrè. Aṣofẹ́yẹjẹ ni ewéko náà. Ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ oògùn reserpine ní ọdún 1952, èyí tí àwọn Òyìnbó fi ń rọ wèrè lójú nígbà náà. Àwọn baba wa ti mọ agbára ewéko yìí láti kun ènìyàn kí ó tó di pé ilé oògùn Òyìnbó mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a fi èyí ṣe ìyangàn ju bí ó ti yẹ lọ. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ tí Prince kọ pé wọ́n ń fi ewéko náà ṣe. Kò kọ pé wọ́n ń fi í mọ irú wèrè tí ó jẹ́. Iṣẹ́ méjì ni, kí a má pò wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ojú òògbé, ṣé òtítọ́ ni?

Àwọn ìdánwò tí mo ti sọ lókè yìí, bóyá wọ́n dára tàbí wọn kò dára, àìsàn ni wọ́n ń wá. Ewu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi abẹ́rẹ́ kan náà wá ìtàn. Ní ọdún 1951, Fredrick Redlich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹnìkan ti ṣe tipẹ́. Wọ́n kó ènìyàn mẹ́sàn-án jọ, wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ ohun kan tí ó ti ṣe tí ojú ń tì í, kí ó sì hun irọ́ tí yóò fi bò ó. Wọ́n wá fún wọn ní Amytal, wọ́n sì ní kí ẹlòmíràn máa fi ìbéèrè wá inú wọn. Àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ di irọ́ wọn mú ṣinṣin, oògùn kò já a gbà. Àwọn tí ó jẹ́ pé wọ́n ti máa ń dá ara wọn lẹ́bi tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tètè jẹ́wọ́, irú wọn sì lè jẹ́wọ́ ohun tí wọn kò ṣe rí. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti dojú rú: ọ̀dàlẹ̀ tí ara rẹ̀ le yóò mú un jẹ, ẹni tí ó ti ń jẹ ara rẹ̀ níyà ni oògùn yóò ràn lọ́wọ́ láti parọ́ mọ́ ara rẹ̀.

Àwọn adájọ́ gbọ́n ju àwọn dókítà mìíràn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1963, nínú ẹjọ́ Townsend, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìjẹ́wọ́ tí oògùn bá fà jáde lẹ́nu ènìyàn kì í ṣe ohun tí a lè fi dá a lẹ́bi. Ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Íńdíà, nínú ẹjọ́ Selvi, ní ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ gún ẹnikẹ́ni ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó bà mí nínú jẹ́ jù kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Ní ìpínlẹ̀ California, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀dọ́mọbìnrin kan lọ gba ìtọ́jú nítorí àìsàn tí ó jẹ mọ́ oúnjẹ jíjẹ. Lẹ́nu ìtọ́jú náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bàbá òun ti fipá bá òun lò ní kékeré. Wọ́n gún un ní Amytal láti fìdí ìrántí náà múlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀; wọ́n sì gba ohun tí ó sọ bí ẹ̀rí. Bàbá náà pàdánù ìyàwó, ó pàdánù iṣẹ́. Ó pe àwọn tí wọ́n tọ́jú ọmọ rẹ̀ lẹ́jọ́, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní Napa sì dá a láre ní ọdún 1994, wọ́n ní kí wọ́n san 500,000 dọ́là fún un nítorí pé wọn kò fi ìtọ́jú ṣe bí ó ti yẹ. Ọmọ náà kò gbà pé irọ́ ni òun pa. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ náà ti da omi rú mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò tún lè mọ èyí tí ó wà nínú ìrántí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ àti èyí tí òògbé àti ìbéèrè àwọn olùtọ́jú gbìn sí i.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n nísinsìnyí. Bábítúrétì náà ti kógbá wọlé, nítorí ó tètè ń pa èémí, àwọn oògùn tí ewu wọn kéré sì ti gba ipò rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni ohun tí Bleckwenn kọ́kọ́ rí. Bí aláìsàn bá wà ní ipò gígan tí à ń pè ní katatóníà, dókítà òde òní yóò kọ́kọ́ ka àwọn àmì àìsàn náà lára rẹ̀: ó dákẹ́, ó tẹjú mọ́ ibì kan, bí a bá gbé apá rẹ̀ sókè apá náà yóò dúró síbẹ̀. Bush, Francis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ètò ìwọ̀n fún kíka àwọn àmì wọ̀nyí ní ọdún 1996. Lẹ́yìn náà ni yóò gún aláìsàn ní lorazepam mílígíráàmù 1 tàbí 2, yóò dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò sì tún àwọn àmì náà kà. Bí wọ́n bá dín kù dé ìdajì, ó ti mọ ohun tí òun ń bá jà, oògùn ìdánwò náà ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bí wọn kò bá dín kù, kò tíì lè sọ pé kì í ṣe katatóníà; ó lè tún un ṣe, tàbí kí ó lọ sí ìtọ́jú oníná mànàmáná. Ní gbogbo ìgbà náà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi aláìsàn kò ju orúkọ rẹ̀ lọ, àti bóyá ó fẹ́ mu omi.